Ẹ Lọ Tọ̀ Kí Ẹ Tó Wọ Rélùwéè Orí Òkè

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi ní Ìsọ̀kún níbí, wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Físà rẹ̀ ti jáde, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́ mọ ohun tí òun máa dì sẹ́rù. Ó ti ka gààrí, ẹ̀gúsí, èlùbọ́ àti irú. Mo ní, "Ẹ fi ti èlùbọ́ sílẹ̀ ná. Ṣé àwọn ọmọ ti sọ pé àwọn máa mú yín gun òkè?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní rélùwéè kan wà tó ń gbé èèyàn dé ṣóńṣó orí òkè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ síbí, torí òun nìkan kọ́ ni ìyá Ìjẹ̀ṣà tí ọmọ máa mú débẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bí èyí tó kéré jù, mo lọ bá a tọ́jú ọmọ ní Colorado Springs. Ọkọ rẹ̀ ní Màámi ò gbọdọ̀ padà sílé láìdé orí Pikes Peak, òkè ràbàtà tí à ń rí ní gbogbo ìgbà tí a bá jáde síta. Ìyá ìkókó ò lè lọ. Bó ṣe di èmi, àna mi, àti ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.

Rélùwéè Òṣogbo ni èmi mọ̀ láti kékeré. Rélùwéè ò gba Iléṣà kọjá. Òṣogbo, níbi tí ojú irin dé ní 1907, ni bàbá bàbá mi tó ṣe òṣómàáàló, tó ń ta aṣọ láwìn, tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí á fi san án, máa ń ru aṣọ rẹ̀ lọ kó tó wọkọ̀ lọ sókè Ọya. Ti òkè yìí yàtọ̀. Láàárín irin méjèèjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, irin mìíràn wà tó ní eyín bí ayùn. Jíà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á ki eyín tirẹ̀ bọ àárín eyín wọ̀nyẹn, á sì máa fà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Láìsí ìyẹn, ńṣe ni ọkọ̀ á máa yọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ sì gbọ́ ẹni tó náwó sí i: Zalman Simmons, ọkùnrin tó ń ṣe mátíréẹ̀sì! Wọ́n ní ìbaaka ló gùn dé òkè náà, ara ro ó débi tó fi ní ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó ń ta mátíréẹ̀sì kúkú yẹ kó mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dunni. 1889 ló dá iléeṣẹ́ rélùwéè náà sílẹ̀, ọkọ̀ sì kó èrò dé orí òkè ní 1891. Wọ́n ti rélùwéè náà ní 2017 torí ó ti gbó, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2021.

Ibi tí a ti wọkọ̀, ní Manitou Springs, ti ga tó mítà 2,000. Orí òkè jẹ́ mítà 4,302. Iléṣà wa yìí, pẹ̀lú gbogbo òkè tó yí i ká, kò tó 500.

Àna mi ti kà á pé ó yẹ kí èèyàn mu omi dáadáa kó tó gòkè bẹ́ẹ̀. Ó gbé ike omi ńlá kan fún mi, mo mu ún tán kó má baà rò pé mo kọ̀ ọ́. Mo ti mu tíì ife ńlá kan nílé. Mo sì ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láàárọ̀, tí ọ̀kan lára rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ó rọra ní, "Màámi, ṣé ẹ ò ní ya tọ́lẹ́ẹ̀tì? Kò sí nínú ọkọ̀ o." Mo ní rárá o, ara mi dá. Lóòótọ́, ìtọ̀ ò tíì gbọ̀n mí nígbà yẹn, àmọ́ ìtìjú ló fèsì yẹn. Ọmọ mi ni ì bá bi mí, ǹ bá lọ. Níwájú àna, mo ń ṣe bí ẹni tí kì í tọ̀ láyé rẹ̀.

Ìjókòó ọkọ̀ náà kọjú síra, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti àna mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Mo rántí Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, tí a máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wo omi. Ìpele méje ni, mi ò kọjá ẹ̀kẹta rí kí orúnkún tó ní ó tó. Níbí, mo jókòó jẹ́ẹ́, igi ńláńlá ń kọjá lójú fèrèsé, omi ń ṣàn láàárín òkúta.

A ò tíì rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Mo yí ìdí. Mo fún ìró mi mọ́ra. Eyín irin yẹn ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ wa, gbogbo gẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, inú ikùn mi ló ti ń dún. Àna mi ń nàka síta, "Màámi, ẹ wo ẹranko yẹn, ó dà bí òkété!" Mo ní, "Ó mà dáa o," mi ò sì rí òkété kankan. A dé ibi tí igi ò ti lè hù mọ́ nítorí òtútù, òkúta nìkan ló kù, èmi sì ń ka òkúta kí n lè gbàgbé ara mi.

Mo fẹnu sí ọmọ létí: "Ọkọ mi, ó ku bíi mélòó ká dé?" Ó wo ojú mi, ó wo itan mi, ó lọgun: "Dádì! Màmá àgbà fẹ́ tọ̀ o!"

Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá yẹn. A ò tíì lo oṣù kan lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. A dúpẹ́ pé àwọn òyìnbó tó yí wa ká ò gbọ́. Ìyá kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà. Àna mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá tẹ̀ síwájú, ó ní, "Màámi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi náà ti ń fún un mọ́ra tipẹ́. Ojú yín ni mò ń wò." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, mo sì tètè pa á mọ́, torí ẹ̀rín gan-an fẹ́ da nǹkan rú.

Nígbà tí a dé òkè, mo dìde, mo sáré. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni, òòyì kọ́ mi, àyà mi ń já bí ìgbà tí wọ́n bá ń gúnyán. Bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú létí òkun bá jẹ́ 100, tibẹ̀ yẹn ò ju bíi 60 lọ. Àna mi gbá mi lápá mú, a ń rìn bí ìgbín méjì lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, ìlà sì gùn níbẹ̀. Nínú ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fún wa lókè, ibẹ̀ ni mo lo ìdajì rẹ̀ sí.

Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Oṣù kẹfà ni, oòrùn ń mú nísàlẹ̀, mo wọ àǹkárá lọ. Yìnyín ṣì wà láàárín òkúta. Àna mi ra súwẹ́tà kan fún mi ní ṣọ́ọ̀bù orí òkè, mi ò bèèrè iye tó rà á. Ó tún ra dónọ́ọ̀tì tí wọ́n ń dín níbẹ̀. Èlò tiwọn yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, torí nǹkan kì í jinná bákan náà níbi gíga bẹ́ẹ̀. Omi gan-an máa ń hó níbẹ̀ kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Ó jọ pọ́fù-pọ́fù, ṣùgbọ́n kò tó ti ẹ̀gbẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà.

Ìgbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó rí òkè. Mo rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ salalu títí ojú ò fi ká a mọ́, mo rí ẹranko bí òkété yẹn tó ń yáàrùn lórí òkúta, àna mi sì ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún tó ti fẹ́ ọmọ mi.

Nítorí náà mo ní kí Ìyá Ìbejì bi dókítà rẹ̀ nípa oògùn rẹ̀ àti nípa àyà rẹ̀ kó tó lọ. Kó sọ fún àwọn ọmọ pé ọkọ̀ àárọ̀ ni kí wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, torí àrá máa ń sán lórí òkè yẹn lọ́sàn-án. Kó tọ̀ nílé, kó tún tọ̀ ní ibùdókọ̀, bí kò tiẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Bí nǹkan bá sì ń ṣe é, kó sọ ọ́ sétí àna tààrà, kó má rán ọmọdé.

Ó ní òun gbọ́, àmọ́ òun ò ní súwẹ́tà. Mo mú tèmi fún un. Mo ti kìlọ̀ fún un pé mo ṣì ń wọ̀ ọ́ lásìkò ọyẹ́, bí kò bá sì dá a padà, ọmọ òṣómàáàló ni mí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni màá lóṣòó sí.