Wọ́n pa wá lẹ́nu mọ́ lọ́nà etí òkun Antrim

"Ẹ̀yin méjì tó wà lẹ́yìn yẹn, èdè yòówù kí ẹ máa sọ, ẹ jẹ́ kí n parí tèmi ná."

Inú màíkì ló ti sọ ọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa wo etí òkun Antrim ní Àríwá Ireland ni, òun náà ni amọ̀nà wa. Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò sí ìkà nínú ẹ̀rín yẹn, àmọ́ etí mi gbóná. Ọkọ mi, Bàbá Tọ́pẹ́, yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Kí la tiẹ̀ ń sọ? Ọkùnrin yìí ń pa ìtàn òmìrán ilẹ̀ wọn fún wa, èmi wá ń sọ fún ọkọ mi pé Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin ńlá inú ìtàn Ìjẹ̀bú, á fi ọwọ́ kan gbé òmìrán yẹn sọnù. Ọmọ Ìperu ní Rẹ́mọ ni ọkọ mi. Ó ní kí n yé sọ ọ́ bíi pé àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde nìkan la ni Bílíkísù. Mo ní ta ló bí Rẹ́mọ sí i? Ibẹ̀ lohùn ti ń ròkè. Ẹ mọ bí ìjà yẹn ṣe máa ń lọ, n ò ní tú u palẹ̀.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹni tó bá dákẹ́ ní Ojúde Ọba, ara rẹ̀ kò yá ni. Àwọn ìdílé Balógun wà lórí ẹṣin, ìbọn ń dún lákọlákọ, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ò fẹ́ kí òmíràn fi aṣọ tàbí orin borí òun. Ariwo la fi ń kí ọba wa. Kí ẹnì kan wá fi màíkì pa mí lẹ́nu mọ́ nínú bọ́ọ̀sì tí mo fowó mi wọ̀! Owó mi o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí a ò lọ sí Spain tàbí Dubai bíi tàwọn ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ Àríwá Ireland ni tọkọtaya lọ ṣe fàájì nínú òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìwé wa ṣì wà lórí tábìlì àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú, èyí tí à ń pè ní pálí. Bí o bá jáde nílùú kí wọ́n tó dá ọ lóhùn, wọ́n á kà á sí pé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fa ìbéèrè rẹ sẹ́yìn. Àríwá Ireland ń jẹ́ òkè òkun lẹ́nu lásán, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wà. A wọ bàálù láti Manchester, a ré òkun kọjá, síbẹ̀ a ò jáde nílùú. Bàbá Tọ́pẹ́ tún bi ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Belfast bóyá bọ́ọ̀sì náà kò ní ṣìnà wọ Ireland kejì, èyí tó ń fẹ́ físà. Ọmọ náà rò pé àwàdà ni.

Dunluce la kọ́kọ́ yà sí, ààfin tó ti wó létí bèbè òkun. Ìtàn wọn ní lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1639, ilé ìdáná ààfin náà já sínú òkun tòun ti àwọn alásè, ìyàwó ìjòyè sì ní òun ò gbé ibẹ̀ mọ́. Mo gbè é lẹ́yìn.

Àmọ́ Giant's Causeway, ìyẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọwọ̀n òkúta dúdú bíi 40,000 ló tò létí omi bí ẹni da odó dé sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní igun mẹ́fà géérégé. Àwọn onímọ̀ ní bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde níbẹ̀, tí òkúta tó ti yọ́ wá ń tutù, tó ń sún kì, tó sì ń sán bó ṣe ń sún. UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1986.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ọ̀fẹ́ ni òkúta yẹn. Ilé ìgbàlejò tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń gbowó fún. Bàbá Tọ́pẹ́ ti kà á lórí fóònù kí a tó kúrò nílé, inú rẹ̀ sì dùn ju ọjọ́ tí mo bímọ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé la gbà kọjá, a dẹ̀ kí àwọn tó wà lórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì. Kọfí àti kéèkì wọn náà, a ò bá wọn dá sí i. A wá òkúta tó tẹ́jú, mo yọ gààrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Òde, ẹ̀pà, ṣúgà díẹ̀, omi tí òtútù ti bá wa ṣe fíríìjì rẹ̀. Gààrí náà kan dé ibi tó yẹ kó kan dé. Ọmọkùnrin ará Ṣáínà kan béèrè bóyá òun lè ya wá ní fọ́tò. Ó ṣeé ṣe kí a ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn báyìí.

Ìtàn tí amọ̀nà wa ò fẹ́ kí a dí òun lọ́wọ́ rẹ̀ rèé. Òmìrán Ireland kan, Finn McCool, ń bá òmìrán Scotland jà láti òkèèrè. Ó bá to òkúta sójú òkun kó lè rìn lọ bá a. Ìgbà tó rí bí ẹni yẹn ṣe tóbi tó, ó sá padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ ló wé e bí ọmọ ọwọ́, tó tẹ́ ẹ sínú ìbùsùn ọmọdé. Ará Scotland dé, ó rí ọmọ, ó ní bí ọmọ bá rí báyìí, báwo ni bàbá á ṣe rí? Eré ló bá lọ, ó sì ń tú ọ̀nà náà ká lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ẹ ṣáà rí i. Ìyàwó ló kó o yọ, orúkọ ọkọ ló wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Tiwa, opó olówó ni. Kò bímọ, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá kan kí orúkọ òun má baà parẹ́. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn. Erédò là ń pe yàrà náà, ó gùn tó 160 kìlómítà, àwọn ibì kan níbẹ̀ sì tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dókè. Iná ló ṣe òkúta tiwọn. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló fọwọ́ gbẹ́ tiwa. Bọ́ọ̀sì wo ló ń kó àlejò lọ síbẹ̀? Ta ló gbé màíkì? Igbó ló bo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Òkè-Eri tí wọ́n ní ibojì rẹ̀ wà, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé. Èmi ọmọ Òde, gààrí lẹ́nu mi, mo rò ó títí: ibojì obìnrin, obìnrin ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi ará Rẹ́mọ lè wọlé fàlàlà. Ó ní òun á bá mi kí i. Mo ní kó máa mu gààrí rẹ̀.

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, orí ìwé àwọn tó ń retí ló ṣì wà. Mo sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́ pé Bílíkísù náà ń dúró de pálí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lójú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Carrick-a-Rede, níbi tí afárá okùn ti so etí ilẹ̀ mọ́ erékùṣù kékeré kan. Àwọn apẹja sámọ́nì ló kọ́kọ́ so afárá síbẹ̀ ní 1755. Ó gùn tó mítà 20, ó fi mítà 30 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ibí yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo ní ká jókòó sí bèbè ká máa wo àwọn tó lówó. Mo ní àwa tí àwọn baba ńlá wa ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, tí Gẹ̀ẹ́sì torí ọ̀nà wa tá a dí wá bá wa jà ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, àwa náà la ó wá sanwó afárá fún Gẹ̀ẹ́sì? Ọkọ mi kò dá mi lóhùn. Ó kàn fa káàdì yọ, ó sanwó èèyàn méjì. Ọmọ Ìperu tí kò jiyàn lórí owó! Àyà mi já.

A kọjá. Ojú ọjọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, a rí erékùṣù Rathlin, a rí ilẹ̀ Scotland lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ìhà ibo nilé wà?" Mo wo oòrùn, mo nàka sẹ́yìn wa. A ti kẹ̀yìn sí i látàárọ̀.

Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Òun ni dáwódù. Ẹ mọ ohun tí ilé ń retí lọ́wọ́ dáwódù. Ìwé wa sì ti wọlé nígbà náà, orí tirẹ̀ ni ìwé tèmi àti tàwọn ọmọ dúró lé. Bó bá lọ, gbogbo wa ló lọ. Àwọn ẹbí kọ́kọ́ ní kí òkú dúró dè é ní mọ́ṣúárì. Ìgbà tó yá, ó sú wọn. Wọ́n sin bàbá. Màlúù, aṣọ ẹbí, olórin, owó rẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bá a da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó, ó ń wẹ bàbá oníbàbá. Ọpọlọ bàbá náà ti ń ṣe ségesège, ó ń fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ pe ọkọ mi. Ọkọ mi sì ń jẹ́ ẹ.

Nínú fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́, a gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan láàárín agbo: owó dé, ọmọ ò dé. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́ lórí fóònù tèmi. Mo mọ̀ pé ó wà lórí tirẹ̀.

Orí erékùṣù yẹn ló ti sọ fún mi pé bí pálí bá jáde lọ́la, òun ò mọ ojú tí òun á fi wọ Ìperu. Èmi tí wọ́n ní ariwo mi pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, n ò rí nǹkan kan sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rò pé a fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ń dúró dè wá. A ò ya fọ́tò kankan.

Ọ̀nà etí òkun la bá padà, omi wà lápá òsì wa títí. 1832 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà, abẹ́ àpáta ló gbà kọjá, kò sì sí kòtò kan níbẹ̀. N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Màmá òyìnbó tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ní kí n jọ̀wọ́ sọ ohun tí à ń jà lé lórí láàárọ̀. Mo sọ ìtàn Bílíkísù fún un. Ó fẹ́ mọ ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Bàbá Tọ́pẹ́ ti gbà á: ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Èkó, ẹ wọ mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè Òkè-Eri. Ó ní kó ra gààrí bó bá ń bọ̀, kó má gba iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè fún un.

Lálẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ táìlì tí wọ́n fẹ́ fi tẹ́ orí sàréè. Àbúrò dárúkọ iye.

"Táìlì wo nìyẹn? Ṣé wúrà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọjà ti gbówó lórí."

"Ìperu ni wọ́n ti bí èmi náà, má fi ìyẹn tàn mí jẹ."

Wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye táìlì tó yẹ kó lọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sú àbúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wálé wá ná an fúnra yín nígbà náà."

Ó ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì oní-táìlì ránṣẹ́.