Sátífíkéètì Ńlá, Ọwọ́ Òfìfo: Abẹ́òkúta àti Leeds

Ìbéèrè tí àwọn àbúrò láti ilé ń fi ránṣẹ́ sí mi jù ni pé bí àwọn bá páàsì CISSP, ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà, ṣé àwọn á ríṣẹ́ ní ìlú Ọba? Èmi náà á bi wọ́n pé, kí lo ti fọwọ́ ẹ ṣe? Ibẹ̀ ni WhatsApp máa ń dákẹ́ sí.

ISC2 tó ni ìdánwò náà gan-an ò gbà pé ìdánwò nìkan tó. Iṣẹ́ ọdún 5 tí wọ́n sanwó fún ni wọ́n ń béèrè, ó kéré tán nínú ẹ̀ka 2 lára ẹ̀ka 8 tí ìdánwò náà pín sí. Digírí lè yọ ọdún 1 kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá páàsì láìní ìrírí, Associate ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fún un ní ọdún 6 kó lọ wá ìrírí náà. Níbo ló ti máa rí i?

Ohun tó ń dùn mí ni pé Abẹ́òkúta gan-an ni ìrírí wà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ pé iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan náà, wàá gun òrùlé lọ yí áńtẹ́nà, wàá fi Windows sí kọ̀ǹpútà oníbàárà, iná á lọ, wàá sáré tan jẹnẹrétọ̀ kí UPS tó kú. Ọmọ tí ò tíì parí sẹ́kọ́ńdìrì á bó wáyà nẹ́tíwọ̀kì, á to fọ́nrán 8 inú ẹ̀ sílẹ̀, funfun olómi-ọsàn, olómi-ọsàn, funfun eléwé, búlúù, títí dé bíráùn, á tẹ orí ẹ̀ pa láìwo bébà kankan.

Ní Leeds, nílùú Ọba níbí, n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan switch, àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Bí VLAN, ìpín nẹ́tíwọ̀kì tí ihò kan lára ẹ̀ wà, bá fẹ́ yí padà, tíkẹ́ẹ̀tì ni màá kọ sí ẹnì kan nílùú mìíràn, tó bá di ọ̀la á ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Iná ò lọ, bọ́ọ̀sì ń dé, ara tù mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ lọ́dún yẹn ò tó ti oṣù kan ní Pánṣẹ́kẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bá wọn jókòó gba òṣìṣẹ́. Mo bi ẹnì kan tó kó sátífíkéètì AWS àti Cisco wá pé: kọ̀ǹpútà ò wọ nẹ́tíwọ̀kì, àdírẹ́sì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 169.254, kí ló dé? Fáyàwọ́ọ̀lù ló ń sọ, ó bọ́ sórí ìlànà ààbò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ̀ǹpútà ò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì, ni, ó wá fún ara ẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹlòmíràn tó dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ, CCNA, sátífíkéètì nẹ́tíwọ̀kì ti Cisco, kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ ó ti tún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun rí. Òun la gbà.

Ibi tó ti ń há ọmọ Abẹ́òkúta lọ́fun ni ẹ̀rí. Nílé, tí wọ́n bá ti ní “ọmọ Àlàájì ni, ọwọ́ ẹ̀ dáa”, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Níbí, ọ̀gá rẹ àtijọ́ ni wọ́n máa kàn sí. Nítorí náà, kó o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, gba lẹ́tà tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí, kí oṣù tó o bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó o parí wà níbẹ̀. Kó o sì bẹ ọ̀gá kó máa gbé ìpè òkè òkun o. Tèmi já fóònù mọ́ wọn lójú, ó ní òun rò pé ọmọ Yahoo ni.