Rìsíìtì ilé tí a yá ní Kẹ́tu

Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí a kó kúrò ní ilé tí a yá ní Kẹ́tu, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí dé egungun. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé wíwá ti rí ní Èkó. Nígbà tí a fẹ́ gba yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ yẹn ní ọdún 2023, ₦500,000 ni ẹ̀jẹ́ǹtì pè é fún wa lórí fóònù. Ìgbà tí a dé ibẹ̀, tí ilé ti wọ̀ wá lójú, ni ó tó dárúkọ ìyókù: owó ẹ̀jẹ́ǹtì ₦100,000, owó àgírímẹ́ǹtì ₦100,000, owó kọ́ṣọ̀n (èyí tí onílé ń mú dání nítorí ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́) ₦100,000. Àjọ tí ọkọ mi kó àti owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ mi ni a fi san ₦800,000 náà.

Nígbà tí ọdún kejì pé, bàbá onílé sọ owó ilé di ₦900,000. Apá wa kò ká a, a sì wá ilé lọ sí Ìkòròdú. Owó kọ́ṣọ̀n tí wọn yóò dá padà ni mo fọkàn tẹ̀ pé a ó fi san owó ọkọ̀ ẹrù.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn ìbejì mi jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń wò mí. Bàbá onílé wọ pálọ̀ wa tí ó ti ṣófo, ó ń ti ọmọ ìka bọ àwọn ihò ìṣó tí a fi gbé fọ́tò kọ́, ó sì ń kà wọ́n sókè títí ó fi dé mọ́kànlá. “Ìyá Ìbejì, ta ni yóò tún èyí ṣe?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni yóò dí wọn.” Ó béèrè rìsíìtì. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò ju “owó ilé àti ìyókù, ₦800,000” lọ. Ó fi ìka sábẹ́ ìlà náà, ó ní, “Ibo ni wọ́n kọ kọ́ṣọ̀n sí níbí? Ẹ lọ bi ẹni tí ẹ kó owó fún.” Mo kúnlẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ mi. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ́ǹtì kò lọ mọ́.

A ti wà ní Ìkòròdú báyìí, ara wa sì ti ń balẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san owó kankan láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀ lórí rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbà á. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ ọ́ di dandan fún onílé láti fún ayálégbé ní rìsíìtì tí ó ní déètì, orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà wà fún. Ó tún fún ẹni tí ó san kọ́ṣọ̀n ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin yìí yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Kẹ́tu. Èmi kò mọ̀ nígbà náà.

Àwọn kan yóò ní olùkọ́ bíi tèmi ìbá ti ka ìwé kí ó tó san owó. Mo kà á. Ẹni mẹ́ta mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ẹ̀jẹ́ǹtì sì ń wo aago.

Ẹ béèrè àpapọ̀ owó lórí fóònù kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì béèrè bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ògiri lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi tí mo yà kò wúlò nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ́ṣọ̀n kò sí lórí ìwé. Ní Ìkòròdú, mo bẹ ìyá onílé kí wọ́n kọ owó ilé sí ìlà kan, kí wọ́n kọ kọ́ṣọ̀n sí òmíràn. Ojú wọn kọ́kọ́ le, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́. Inú àpò ìwé tí ìwé ìbí àwọn ọmọ wà ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.