Mìlímítà Mẹ́ta

Bàbá Ìbejì tó ń gbé ní Winnipeg, ní Kánádà, kì í béèrè ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti tú ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 bàbá rẹ̀ palẹ̀ ní Mọ́kọ́lá kó tó hu irùngbọ̀n, kí wá lẹnì kan fẹ́ sọ fún un nípa Hyundai Ioniq 5, ọkọ̀ tí kò tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì? Ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú pe ibi tí wọ́n ti rà á, kí wọ́n bá wọn wá táyà sínóò. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, fọkàn balẹ̀. Táyà lásán-làsàn ni."

Ká má parọ́, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dára. Ríìmù íǹṣì 20 ló bá ọkọ̀ náà wá, táyà rẹ̀ sì jẹ́ 255/45R20, ìyẹn fífẹ̀ mìlímítà 255, ẹ̀gbẹ́ tó ga tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, àti ríìmù 20. Ó pinnu pé òun á sọ̀ kalẹ̀ sí 19 fún ìgbà òtútù, orí rẹ̀ sì pé níbẹ̀. Bí ríìmù bá ṣe kéré sí ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ń ga sí, ẹ̀gbẹ́ tó ga yìí ló sì ń gba ìyà kòtò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, kí ríìmù má baà tẹ̀. Owó táyà 19 náà sábà máa ń rọjú ju ti 20 lọ. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 235 ń gé sínóò kọjá lọ kan ilẹ̀, nígbà tí èyí tó fẹ̀ máa ń fẹ́ gun orí rẹ̀.

Ó mọ̀ pé bí ojú ọjọ́ bá ti wálẹ̀ ju dígírì 7 lọ, rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le, títì gbígbẹ pàápàá á sì máa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó mọ àmì tó yẹ kó wá, ìyẹn àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ sínóò wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí M+S (ẹrẹ̀ àti sínóò) nìkan tàn yín, nítorí ẹni tó ṣe táyà ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dán an wò lórí sínóò. Ó sì mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń pààrọ̀, torí ẹni tó bá fi méjì síwájú tó fi ti ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ máa wá kí i níwájú ní kọ́nà.

Ó wá rí ìpolówó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: táyà sínóò mẹ́rin pẹ̀lú ríìmù wọn, 19, dọ́là 700 péré. Ọmọ wa kan ló ń tà á. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

"Àbúrò, ihò nọ́ọ̀tì mélòó ni?"

"Márùn-ún, sà."

"Kí ni ìwọ̀n wọn?"

"114.3, sà."

Mìlímítà 114.3 yìí ni fífẹ̀ òbìrí tí ihò márààrún tò yí ká, ìwọ̀n kan náà sì ni Ioniq 5 ń lò. Ó fi géèjì wọn eyín táyà, ó bá mìlímítà 7. Ìyẹn dára, nítorí táyà sínóò tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ sún mọ́ 4 kò níṣẹ́ tó lè ṣe mọ́ lórí sínóò. Ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT lára táyà, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, ó rí 3822: ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2022. Ó sanwó. Lẹ́tà T ńlá kan wà lórí ìdérí àárín ríìmù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì béèrè ohun tó dúró fún, bàbá rẹ̀ ní, "T, táyà."

Ní Sátidé, nígbà tí òtútù wà ní dígírì 14 sí ìsàlẹ̀ òdo, ó ṣí búùtù láti gbé jáàkì. Kò sí jáàkì, kò sì sí táyà àpọ̀jù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn àti ìgò oògùn tí wọ́n fi ń dí ihò táyà ni Hyundai fi síbẹ̀. Ó yínmú sí i. Ó lọ yá jáàkì aládùúgbò, ó sì ń fi í há abẹ́ ọkọ̀ níbi tó rí i pé ó tẹ́jú jù lọ. Ìyá Ìbejì pariwo láti ojú fèrèsé: "Bàbá Ìbejì, bátìrì lẹ fẹ́ gbé sókè yẹn o!" Òótọ́ ló sọ. Gbogbo àárín abẹ́ ọkọ̀ oníná yìí ni bátìrì tẹ́ sí. Ojú ibi mẹ́rin tí wọ́n sàmì sí ní etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìkan ni jáàkì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ó tú nọ́ọ̀tì márààrún, ó fa ríìmù 20 yọ, ó gbé tuntun síbẹ̀. Kò wọlé. Ó yí i. Ó ta á nípàá. Ó ní ìpẹtà ni, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha họ́ọ̀bù títí ó fi ń dán bí abọ́ ìyàwó. Ihò márààrún bá bóòtù mu rẹ́gí, síbẹ̀ táyà kọ̀ kò fara mọ́ ara ọkọ̀.

Ihò tí kò béèrè ni ihò ńlá àárín. Ihò yìí ló ń gun orí họ́ọ̀bù, irin róbótó tó yọ síta láàárín bóòtù. Ti Ioniq 5 jẹ́ mìlímítà 67.1. Ti Tesla Model Y, tó ni lẹ́tà T yẹn, jẹ́ 64.1. Ẹni tó bá fi ipá fún nọ́ọ̀tì kó lè wọlé ń wá bóòtù tó máa kán lójú títì ni. Bó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni, ká gbé ríìmù 67.1 sórí Model Y, yóò wọlé, ṣùgbọ́n ó nílò òrùka tó ń dí àlàfo náà, kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n lórí eré.

Ká tiẹ̀ ní ó wọlé, táyà náà kúrú. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ mú fífẹ̀ táyà, ẹ fi ìdá ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀lé e wá gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di méjì, kí ẹ wá fi ríìmù kún un, íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Èyí tó rà jẹ́ 255/45R19, ó sì dúró ní 712. Èyí tí Hyundai ń lò ní 19 ni 235/55R19, ìyẹn 741. Ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 14 ó lé díẹ̀, ìyẹn ìdajì ìyàtọ̀ wọn, nínú sínóò tá a fẹ́ kó ga sí. Géèjì eré á sì máa pe 96 ní 100. Ó kéré tán, ọlọ́pàá ò ní rí i mú.

Ó gbà kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Fọkanáísà ibẹ̀ kò béèrè ihò kankan, ó kàn ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà kóun ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó. Ó tún wo nọ́ńbà ẹrù, nítorí ọkọ̀ yìí tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì: táyà tí wọ́n kọ 100 sí lára ń gbé kílò 800, 105 ń gbé 925, tuntun kò sì gbọdọ̀ kéré sí èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ó ní 18 náà ṣe é lò, torí 235/60R18 jẹ́ 739, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ gbé ríìmù lásán síbẹ̀ kí wọ́n yí i, kó má baà ha bíréèkì. Bàbá Ìbejì ní 19 tó òun. Mìlímítà ti sú u.

Wọ́n de é nílé, ọfà ara táyà kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Ó fẹ́ gun orí sípánà bí wọ́n ti ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, fọkanáísà sì ti kìlọ̀ fún un: kó fi sípánà tó ń wọn ipá de nọ́ọ̀tì dé 79 sí 94 lb-ft, kó máa fo láti nọ́ọ̀tì kan sí èyí tó kọjú sí i, kó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 100.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná yẹ́lò tàn nínú ọkọ̀: atẹ́gùn táyà ti lọ sílẹ̀. Bàbá Ìbejì ní fọkanáísà ti lu òun ní jìbìtì. Inú gáréèjì tó móoru, ní dígírì 20, ni wọ́n ti fẹ́ táyà náà sí ìwọ̀n. Ìta sì ti bọ́ sí dígírì 25 sí ìsàlẹ̀ òdo. Psi kan, ìyẹn ìwọ̀n atẹ́gùn táyà, ń lọ fún bíi dígírì márùn-ún àtààbọ̀ tí ojú ọjọ́ bá fi lọ sílẹ̀, nítorí náà psi mẹ́jọ ti rá láìsí ihò kankan. Ìyá Ìbejì lọ gbé ẹ̀rọ inú búùtù jáde. Ọkọ rẹ̀ gbà á, ó sì ń wé ìgò oògùn mọ́ ọn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, atẹ́gùn nìkan. Ẹ jẹ́ kí oògùn yẹn wà nínú ìgò rẹ̀."