Ọkàn tútù kì í ṣe "cold heart": ẹ̀kọ́ tí lẹ́tà kan kọ́ mi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ojú ṣì ń tì mí. Àbúrò kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá iṣẹ́ títọ́jú arúgbó. Pásítọ̀ rẹ̀ nílé fi Yorùbá kọ ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, àbúrò yìí sì bẹ̀ mí pé kí n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀: "Ọkàn rẹ̀ tutù, àyà rẹ̀ sì le nígbà ìṣòro." Ilẹ̀ ti ṣú, ó ti rẹ̀ mí, mo kọ ọ́ báyìí: "She has a cold heart, and she is hard-hearted in times of trouble."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó na bébà náà sí mi, ìka rẹ̀ wà lórí "cold". "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣe pásítọ̀?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Arúgbó wo ni wọ́n fẹ́ fà lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ẹ má bú mi o. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tó tutù ló dára. À ń gbàdúrà kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù. Oníwà tútù ni ìyàwó tí ìyá ọkọ ń fi yangàn. Onínú fùfù ni à ń sá fún. Òdìkejì ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó lójú àánú ni "warm". Ẹni tí kò ní in, òtútù ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀: "cold", "icy", "frosty", "cold-blooded". Kódà "nonchalant" tí wọ́n yá lọ́wọ́ Faransé, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí nǹkan gbóná ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tí kò gbóná. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó ń yáná fún oṣù mẹ́fà lọ́dún, báwo ló ṣe fẹ́ fi òtútù yin èèyàn?

Ẹ ṣọ́ra fún "cool" náà. "She is cool" lè jẹ́ oríyìn, ṣùgbọ́n "she was cool towards me", ó ti di pé kò fi ọ̀yàyà gbà mí nìyẹn.

"Àyà le" tún ní ojú méjì. Bíbélì wa sọ pé àyà Fáráò le, "hard-hearted" nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé "ẹ mú ọkàn le", a ò ní kó di Fáráò. "Brave" tàbí "steady" ló yẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "heartless": ẹ má tú u sí "kò láyà", torí ojo lẹ pè é yẹn. Aláìláàánú ni.

Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀dájú gan-an lẹ fẹ́ pe èèyàn, "callous" ló sún mọ́ ọn jù. Àwa fi tiwa sójú, àwọn fi tiwọn sára awọ: "callum" ni Látìn ń pe awọ tó ti yi. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ti fi ogún ọdún di ọkọ́ mú. Ẹ̀gún gún un, kò mọ̀. Bí ẹkún ẹlòmíràn ṣe ń kan ẹni tó jẹ́ "callous" nìyẹn. "Ruthless" kò rí bẹ́ẹ̀. Àánú ni "ruth" àtijọ́, kò bá Rúùtù inú Bíbélì tan. Ẹni yìí mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, ó kàn fẹ́ gba orí rẹ dé ibi tó ń lọ ni.

"Aloof" ni kí ẹ má fi kan ìkà rárá. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ ni: kí wọ́n darí ọkọ̀ ojú omi sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó má baà gbá wọn lọ sí etíkun. Ẹni tó ta kété ni. Ó lè jẹ́ ìtìjú ló ń ṣe é.

Mo tún lẹ́tà náà kọ lóru ọjọ́ yẹn: "She is gentle, and she stays steady in times of trouble." Wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Tí mo bá rí "tutù" báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó tutù. Èèyàn ni? "Gentle" tàbí "calm". Ẹja tàbí ẹ̀fọ́ ni? "Fresh". Aṣọ tí òjò pa ni? "Wet". Omi àti ẹ̀bà àná nìkan ni mo fi "cold" sílẹ̀ fún.