Ìdá mélòó, nínú kí ni?

Láti àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti gbà mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn. Àbúrò mi ló fà á. Ó fẹ́ yá owó, wọ́n sì ti sọ fún un pé èlé rẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, àti pé oṣù méjìlá ni yóò fi san án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìyẹn ò pọ̀?" Mo ní, ìdá méjì nínú kí ni? Ó dákẹ́, ó ń wò mí. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn béèrè kó tó fọwọ́ síwèé gbèsè, mi ò mọ èyí tó ṣe kókó tó ìyẹn.

A mú bébà. Ká ní 12,000 ló yá, tó sì ń dá 1,000 padà lóṣooṣù, yàtọ̀ sí èlé. Àwọn ayánilówó kan máa ń ṣírò èlé lórí odindi owó téèyàn kọ́kọ́ gbà, títí tí gbèsè yóò fi tán. Ìdá méjì nínú 12,000 jẹ́ 240. Lóṣù méjìlá, ó di 2,880. Àwọn mìíràn ń ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó kù lọ́rùn ẹni nìkan: 12,000 lóṣù àkọ́kọ́, 11,000 lóṣù kejì, 10,000 lóṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dórí 1,000 ìkẹyìn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 78,000 ni, ìdá méjì rẹ̀ sì jẹ́ 1,560. "Ìdá méjì" ni àwọn méjèèjì ń pè é, ṣùgbọ́n 1,320 ló wà láàárín wọn.

Mo ní kí àbúrò mi wo oṣù kejìlá dáadáa lábẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́. 1,000 péré ló kù tó jẹ, síbẹ̀ 240 ni wọn yóò gbà lé e lórí. Ìdá mẹ́rìnlélógún nìyẹn, nínú oṣù kan ṣoṣo! Ojú rẹ̀ là níbẹ̀. Bí a bá sì pín 78,000 sí oṣù méjìlá, 6,500 ni owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, kì í ṣe 12,000. Èlé 2,880 lórí 6,500 jẹ́ nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Òun ti rò pé ìdá 24 ni.

Èyí tí wọ́n ń yọ èlé rẹ̀ ṣáájú tún wà. Wọ́n ní èèyàn yá 10,000, èlé rẹ̀ ìdá mẹ́wàá, wọ́n yọ 1,000 lójú ẹsẹ̀, wọ́n ka 9,000 lé e lọ́wọ́. 9,000 ló gbà, 9,000 ló lè ná, nítorí náà lórí 9,000 ló ń san 1,000. Ìyẹn lé ní ìdá mọ́kànlá. Ní ti èlé tó ń gorí èlé, ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ti kọ sílẹ̀ láti ọdún 1494: ẹ fi iye ìdá èlé pín 72, ẹ ó rí bí yóò ti pẹ́ tó kí gbèsè tó di ìlọ́po méjì. Ìdá márùn-ún lóṣù, tí a kò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀? Oṣù mẹ́rìnlá àti díẹ̀. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ ìṣirò láti mọ ìyẹn kí ẹ tó dìde níwájú olówó èlé.

Lẹ́yìn tí àbúrò mi lọ, mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni mo ń bá kiri níbi ọjà rírà. Páálí tó jẹ́ 500 gíráàmù tẹ́lẹ̀ ti di 450, iye owó rẹ̀ kò yí padà. Àwọn èèyàn á ní ìdá mẹ́wàá ni wọ́n yọ. Òótọ́ ni, nínú ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n owó tí à ń san lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan ti fi ìdá mọ́kànlá lé, torí pé 450 la wá ń fi pín owó náà báyìí. Ọjà 1,000 tí wọ́n fi ìdá ogún lé, tí wọ́n wá kéde ẹ̀dínwó ìdá ogún lórí rẹ̀ kò padà sí 1,000. 960 ló já sí, torí pé lórí 1,200 ni ẹ̀dínwó náà ti wá.

Àwọn tó ń tajà gan-an ni àánú wọn ń ṣe mí jù. Oníṣòwò ra ọjà ní 800, ó fi ìdá ogún lé e, ó ń tà á ní 960, ó sì gbà pé òun ń jèrè ìdá ogún. Èrè rẹ̀ jẹ́ 160. Nínú 960 tó wọlé, 160 kò pé ìdá mẹ́tàdínlógún. Ká wá ní owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ àti owó iná ń kó ìdá ogún nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún un. Ìdá ogún nínú 960 jẹ́ 192. 32 ló ń ti àpò ara rẹ̀ fi kún un lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì ṣe ń tà tó ni yóò ṣe máa pàdánù tó, yóò máa ṣiṣẹ́ bí aago, yóò máa fura sí ọmọ tó ń bá a tajà. Bó bá jẹ́ pé nínú owó tó wọlé ló fẹ́ kí ìdá ogún ti jáde, kí ó fi 0.8 pín 800 ni. Yóò rí 1,000, ìyẹn sì jẹ́ iye tí kò fi ní jèrè tí kò sì ní pàdánù. Òkè rẹ̀ ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti ìwé ilẹ̀ oko tí mo fẹ́ háyà. Ẹni tó ni ín ti wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 130 mítà, 140, 90 àti 120. Ó ro 130 pọ̀ mọ́ 90, ó pín in sí méjì, ó rí 110. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 140 àti 120, ó rí 130. Ó wá sọ 110 di ìlọ́po 130, ó ní 14,300 mítà onígun mẹ́rin ni ilẹ̀ náà. Mi ò rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé: wọ́n fín ìwọ̀n àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ṣírò bẹ́ẹ̀ sára ògiri tẹ́ńpìlì Edfu ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àfi bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún régé bíi ti ìwé, ó máa ń fi kún ilẹ̀ ni, kì í dín in kù láé. Ẹni tó ń gba owó ni ó ń gbè.

Ohun tó kù ni láti na okùn láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́. 150 mítà ni mo bá níbẹ̀. Okùn yẹn ti pín ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́ta méjì. Heron ará Alẹkisáńdríà, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, ló fi ọ̀nà tí a ó gbà ṣírò irú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Fún 130, 140 àti 150, àròpọ̀ wọn jẹ́ 420, ìdajì rẹ̀ 210. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 210, ẹ ó rí 80, 70 àti 60. 210 × 80 × 70 × 60 jẹ́ 70,560,000, ìyẹn 8,400 lọ́nà 8,400. Nítorí náà 8,400 mítà onígun mẹ́rin ni onígun mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkejì, tó ní 90, 120 àti 150, jẹ́ 5,400. Àpapọ̀ wọn 13,800, ìyẹn hẹ́kítà 1.38. 500 mítà onígun mẹ́rin tí kò sí níbì kankan nínú ayé ni mo fẹ́ máa sanwó háyà rẹ̀ lọ́dọọdún.

Kò sì mọ sórí owó háyà. Ó kan ajílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí a fi 60 kílò náítrójìn, èròjà tó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, sí hẹ́kítà kan, 82.8 kílò ni ilẹ̀ yìí ń fẹ́. Àpò ajílẹ̀ yúríà oníkílò 50 ní 23 kílò náítrójìn nínú, torí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni. Àpò 3.6 ni mo nílò, ìyẹn 180 kílò. Bí mo bá tẹ̀ lé 14,300, màá ra ohun tó lé ní kílò mẹ́fà sí i. Àpò ajílẹ̀ 15-15-15 tó tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní kílò méje àbọ̀ náítrójìn péré, torí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni, nítorí náà bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré ju ti yúríà lọ, mo gbọ́dọ̀ fi iye kílò náítrójìn pín owó rẹ̀ kí n tó mọ èyí tó wọ́n. Ó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá fẹ́ wọn, èmi náà kò yẹ kí n sanwó wọn.

Mo ti fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí onílẹ̀. Mo ní kó mú okùn tirẹ̀ wá lọ́la, kí a jọ na án láti igun dé igun, kó fojú ara rẹ̀ rí i.