Géètì ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀n: bí mo ṣe ń díye lé wíwó adágún ìlúwẹ̀ẹ́

Ní Houston níbí, àwọn ènìyàn máa ń fi àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n á sì ní kí n sọ iye tí màá gbà láti wó o. N kì í dárúkọ iye kankan, nítorí pé àwòrán kì í sọ bí géètì ṣe fẹ̀ tó, géètì yìí gan-an ló sì sábà máa ń pinnu bí owó iṣẹ́ náà yóò ṣe wọ́n tó.

Katakata tó kéré jù lọ tí mo lè yá nílò nǹkan bí 40 ínǹṣì kí ó tó lè kọjá. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, èyí tó lágbára yóò wọlé, a óò sì parí fífọ́ kọnkéré láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni a óò máa fọ́ ọ, tí a óò sì máa kó àwókù jáde síwájú ilé, owó òṣìṣẹ́ àti owó ẹ̀rọ tí a yá yóò sì máa gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Nílé màmá kan ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí, géètì náà fẹ̀ tó 42 ínǹṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n gbé ti ògiri ti gbà lára ọ̀nà, ó ku 33. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ aládùúgbò yín kí wọ́n jẹ́ kí a tú pákó ọgbà tó wà láàárín yín." Nígbà tí wọ́n gbà, owó tí mo yọ kúrò ju owó tí a óò fi tún ọgbà náà kàn lọ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá wọn adágún fúnra rẹ̀. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32, ó fẹ̀ ní 16, ìpíndọ́gba ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n bá nípọn tó 8 ínǹṣì, wúwo tó nǹkan bí 50 tọ́ọ̀nù, láì tíì ka kọnkéré tí wọ́n tẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Ìwúwo yìí ló ń pinnu iye típà, nítorí pé típà yóò ti dé ìwọ̀n tí òfin gbà lójú títì kí ó tó kún. Mo máa ń ya kọnkéré sọ́tọ̀ kúrò lára iyẹ̀pẹ̀ àti igi, torí pé àwọn tí ń lọ kọnkéré àtijọ́ di òkúta wẹ́wẹ́ máa ń gba èyí tó mọ́ ní owó tó kéré sí ti ààtàn.

Ihò tó máa ṣẹ́ kù, pẹ̀lú àyè tí kọnkéré gbà tẹ́lẹ̀, yóò gba nǹkan bí 119 yáàdì iyẹ̀pẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta iyẹ̀pẹ̀ nílùú yìí: yáàdì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní jíjìn. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tí a bá gún mọ́lẹ̀ máa ń dínkù, nítorí náà 150 ni mo kọ sílẹ̀, ìyẹn típà 13 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kó 12. Ilẹ̀ amọ̀ ló pọ̀ jù ní Houston, ó ń wú nígbà òjò, ó sì ń là nígbà tí oòrùn bá mú, nítorí náà ìpele ìpele tí kò ju 12 ínǹṣì lọ ni a gbọ́dọ̀ máa da iyẹ̀pẹ̀, kí a gún un kí a tó da òmíràn lé e. Ẹni tí kò bá ka owó gígún yìí mọ́ ọn yóò dà bí ẹni tí owó rẹ̀ rọjú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ náà yóò fi rì tí omi yóò sì máa dúró síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú rẹ̀.

Ọ̀nà kan tó dínwó wà: kí a lu ihò sí ìsàlẹ̀ adágún, kí a fọ́ òkè ògiri rẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, kí a sì da iyẹ̀pẹ̀ bo ìyókù. Mo máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a lè kọ́ ilé sí, àti pé onílé gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà. Màmá fẹ́ kọ́ yàrá kan síbẹ̀, nítorí náà kíkó gbogbo rẹ̀ ni mo díye lé.

Wáyà àti páìpù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Pípe 811, nọ́ńbà tí a ń pè kí a tó gbẹ́ ilẹ̀, kò gba owó, wọ́n á sì wá fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀, pupa fún wáyà iná, yẹ́lò fún gáàsì. Àmọ́ iṣẹ́ wọn sábà máa ń parí nídìí mítà. Wáyà tó lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti páìpù gáàsì tó lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, ti onílé ni wọ́n, nítorí náà owó oníná àti owó pílọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé mi lọ́tọ̀. Omi adágún náà kò gbọ́dọ̀ gba gọ́tà lọ sínú odò pẹ̀lú kílórínì, a kò sì gbọ́dọ̀ fi adágún sílẹ̀ lófìfo kí òjò wá bá a, torí pé omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé e sókè látìdí. Ọjọ́ tí omi bá gbẹ nínú rẹ̀ ni a ń lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ti kọ ọjọ́ tí òjò lè dá wa dúró mọ́ iye tí mo fún màmá, pẹ̀lú owó ìwé àṣẹ. Iye náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 30, nítorí pé owó epo dísẹ́ẹ̀lì àti owó típà kì í dúró lójú kan.